Nígbà Tí Mo Ń Ṣe Ògbufọ̀ Sinimá

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí n má baà máa pariwo. Ìyá yín àgbà ti lọ sí ọjà East Street lọ ra ẹja, yóò sì pẹ́ kó tó dé, nítorí bó bá ti pàdé ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀, ìkíni wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Òun gan-an ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ó ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó kàn ní kí n má sọ ọ́ níṣojú òun, torí òun mọ̀ mí, bí òun bá wà níbẹ̀, n ó máa fi iyọ̀ sí i kí òun lè rẹ́rìn-ín.

Lánàá ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Barking Riverside, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo sì ń wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Gbogbo wọn tẹ orí ba, kálukú ń wo sinimá tirẹ̀ lórí fóònù, kálukú ti fi nǹkan dí etí. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó tì í ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, kò sì bi í. Mi ò bú yín o. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Sinimá tiyín pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Àmọ́ ẹyọ kan tí àwa ní, gbogbo ìlú ló jọ ń wò ó, bí ẹnì kan bá sì rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ìlú wa lápá Èkìtì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mọ́tò sinimá máa ń wá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀nà bá ti gbẹ. Kí ẹ tó rí i, ẹ ó ti gbọ́ ọ, nítorí ó ní ẹ̀rọ kan lórí tó ń kọrin òyìnbó láti ìsàlẹ̀ òkè wá. Àwọn ọmọ iléèwé á tú jáde. Tíṣà ò ní lè dá wọn dúró, torí tíṣà fúnra rẹ̀ ti sáré ṣíwájú wọn. Mo mọ̀, nítorí èmi ni tíṣà ọ̀hún. Ọmọ ogún ọdún ni mí, tíṣà kékeré tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD.

Iṣẹ́ wà lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ká kàn jókòó ká máa wòran. Àwọn ọkùnrin á gé igi méjì wá láti inú igbó, wọn á rì í mọ́lẹ̀ sí pápá iléèwé. Àwọn obìnrin á wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra. Aṣọ funfun ńlá á wá dé, wọn á ta á sí igi méjèèjì, gbogbo wa á sì máa wò ó bí ẹni pé aṣọ náà fúnra rẹ̀ ni sinimá. Nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbùù, gbùù, gbùù lẹ́yìn mọ́tò. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ní Parsloes Park, inú mi máa ń dùn kí n tó rántí pé koríko ni wọ́n ń gé.

Iwájú aṣọ ò gba gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá pẹ́ á lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ, torí àwòrán a máa hàn níbẹ̀ náà. Yíyí ló kàn máa ń yí. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun níwájú, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun lẹ́yìn. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn aṣọ ló máa ń jókòó sí lọ́dọọdún. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn òyìnbó ò lẹ́kọ̀ọ́, pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Òyìnbó ni sinimá ń sọ, bẹ́ẹ̀ àwa tá a gbọ́ òyìnbó ní ìlú ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ sinimá. Ògbufọ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ní etí rẹ̀ gan-an, kí tiwájú tẹ̀yìn lè rí i. Wọ́n á fún un ní páànù tí wọ́n ká bí ẹnu fèrè, yóò gbé e sẹ́nu, bí àwòrán bá sì ṣe ń sáré ni òun náà á máa sáré sọ ọ́ ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tó ń bi ògbufọ̀ pé níbo lo ti rí i. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni sinimá sọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mo sì gbádùn rẹ̀ ju tíṣà lọ.

Lọ́dún kẹta ni wọ́n gbé sinimá olórin kan wá, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òyìnbó níbí. Ó ti gbó lọ́jọ́ yẹn pàápàá. Ilà funfun ń sáré kọjá lójú rẹ̀, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú gbogbo yàrá tí wọ́n bá wọ̀. Ìtàn àwọn eléré ni. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá òkun tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀. Ọkùnrin eléré kan tó máa ń fi ẹfun kunjú kó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín gbọ́ orin rẹ̀, ó sì fẹ́ mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù kó wá máa kọrin lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n opó ni ìyá ọmọ yìí, ara rẹ̀ ò yá, òun nìkan ló sì bí.

Wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá nípa ọwọ́ fífọ̀ hàn wá o, wọn kì í yé ṣe bẹ́ẹ̀. A jókòó jẹ́jẹ́ wò ó, bí ẹni tó ń dúró kí àdúrà parí kí oúnjẹ tó dé. Ìgbà tí tàwọn olórin bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Àwọn ọmọbìnrin bí ogún tò sórí ìlà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹsẹ̀ sókè. Bàbá Ìjọ wa dìde láti orí àga rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà! Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe?”

Mo ní, “Dírìlì ni, sà. Tíṣà obìnrin ni gbogbo wọn. Wọ́n ń múra eré ìdárayá iléèwé ni.”

Bàbá Ìjọ jókòó padà. Ó ní ara àwọn tíṣà náà le, ó yẹ káwọn tiwa kọ́ lára wọn. Kò tíì pẹ́ tí ọdẹ kan tún fi kígbe láti ẹ̀yìn pé òun ti kà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ yìí ti pààrọ̀ aṣọ, àpótí ẹrù rẹ̀ dà? Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a gbé e. Ọdẹ náà fi gbogbo ìyókù sinimá wá ẹ̀gbọ́n, kò sì rí i.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Òyìnbó inú ìwé ni wọ́n kọ́ wa. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú sinimá yẹn, tàwọn ará apá ibí yìí gan-an ni, àwọn tó ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì kó tó jáde. Ìgbà tí mo dé Dagenham, tí èmi àti wọn jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò, ni etí mi tó là sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ni mo fi ń wò ó, mo sì ń fi ọgbọ́n orí mi dí ibi tó bá kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá yín àgbà wàyí. Àdùkẹ́ ni mo ń pè é nígbà náà, òun náà ni mo sì ń pè é bó bá ku àwa méjì. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Òun ló ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko. Bó bá gbé orin sókè, àwọn tó ń sùn á jí, àwọn tí kò sùn á pa ojú dé. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti bí ọdún méjì, mi ò sì tíì sọ ju “kú iṣẹ́ o” lọ. Mo kàn ń lọ ra bọ́tìnnì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni, títí bọ́tìnnì mi fi pọ̀ ju ẹ̀wù mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí sinimá yẹn wá ni ẹgbẹ́ eléré kan tó ń rìn láti ìlú dé ìlú wọ ìlú wa. Ọ̀gá wọn gbọ́ Àdùkẹ́ níbi ìsọjí, ó sì tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní kí ọmọ náà bá àwọn lọ sí Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó parí sí ẹnu ọ̀nà oko. Ó fún wọn di àárọ̀ ọjọ́ kejì sinimá kí wọ́n fèsì. Opó ni ìyá rẹ̀, òun náà nìkan ló bí. Ẹ ò rí bí ayé ṣe ń fi wá ṣeré? Ìyá ní, “Mi ò ní ní kó o lọ, mi ò sì ní ní kó o má lọ.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ mọ̀ pé èyí le ju kí ó sọ pé rárá.

Gbogbo ìlú ló gbọ́. Èmi náà gbọ́, mi ò sì lè jẹun.

Lọ́jọ́ sinimá, ọ̀gá Àdùkẹ́ ò tètè dá a sílẹ̀, nítorí náà òun àti ìyá rẹ̀ pẹ́ dé. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n bá àyè. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí ojú rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín sí dírìlì. Ọmọbìnrin inú sinimá ló tẹjú mọ́, bí ẹni tó ń dúró kí ọmọ náà sọ ohun tó yẹ kóun ṣe fóun.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọmọbìnrin náà dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹnì kan sì sáré mú lẹ́tà wá fún un. Wọ́n gbé lẹ́tà náà gbàgbà sójú aṣọ, ó kún un láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè rú mi lójú, àmọ́ tíṣà ni mí, ìwé kì í rú mi lójú. Mo kà á tán. Ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní: ọmọ mi, ara mi ti yá, máa lọ, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ, n ó wá wò ọ́.

Gbogbo pápá ń dúró de ẹnu mi. Mo wo ẹ̀yìn aṣọ. Àdùkẹ́ ti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Mo gbé páànù sẹ́nu. Mo ní, “Ìyá rẹ̀ ló kọ̀wé sí i. Ó ní àìsàn òun ti le sí i. Ó ní kó máa bọ̀ nílé kíákíá, kó má baà jẹ́ pé òkú òun ni yóò bá.”

Àwọn obìnrin kígbe, “Yéè!” Ọkọ̀ ojú irin gbéra, ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ní ilé ló ń lọ. Àfi bí fíìmù náà ṣe já lójijì, aṣọ funfun nìkan ló kù. Ọkùnrin mọ́tò sinimá so ó, kò so. Wọ́n ní, “Tíṣà, parí ẹ̀ fún wa!” Mo bá parí ẹ̀ fún wọn. Mo ní ó bá ìyá rẹ̀ láàyè, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ìyá jí, ọmọ sì fẹ́ ọkọ ní ìlú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àdùkẹ́ sọ fún ọ̀gá eléré pé òun ò lọ mọ́. Mo wà lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ wọn kọjá. Ìyá rẹ̀ rí mi níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ẹ gbọ́, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ ogún ọdún. Ó ní, “Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún ẹnu ẹ.” Àdúrà yẹn wúwo. Mo ti gba àdúrà púpọ̀ láyé mi, òun nìkan ni mi ò lè ṣe àmín sí.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ ẹ. A wá sí ìlú yìí. Ó fọ aṣọ ní ọsibítù, ó gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Barking kí ilẹ̀ tó mọ́, ó tọ́ Bísí ìyá yín àti àwọn àbúrò rẹ̀. Bó bá ń rán aṣọ ní yàrá òkè, á máa kọrin, èmi á dúró lórí àtẹ̀gùn máa gbọ́ ọ. Inú mi á dùn, inú mi á sì bàjẹ́, nítorí mo mọ ibi tó yẹ kí orin yẹn ti dé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ti ń rò pé òtítọ́ ti gbàgbé àdírẹ́sì wa.

Tọ́pẹ́, má fi ojú yẹn wò mí, o ò mọ ohun tó ò ń ṣe. Tọ́pẹ́ yìí ló bi ìyá rẹ̀ àgbà pé sinimá wo ló kọ́kọ́ wò láyé ẹ̀. Ìyá yín àgbà sọ fún un: ọkùnrin ojú ẹfun, ọmọ tó ń fọ abọ́, òkun. Ọmọ náà wá a lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ó wọlé pẹ̀lú ariwo.

“Grandma! I found it o! The whole film! Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n put it on the TV.”

Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo ní ìròyìn ni mo fẹ́ wò. Ìyá yín àgbà ní, “Bàbá Bísí, ẹ jókòó jàre. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa.”

Mo jókòó. Nígbà tí wọ́n dé orí dírìlì, ó fi ìgúnpá gún mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ń wo aago. Lẹ́tà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn aṣọ. Tọ́pẹ́ kà á sókè pẹ̀lú ohùn Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀, ó ní, “Aww, her mum's well sweet, you know.”

Ìyá yín àgbà ní, “Tún un kà.”

Tọ́pẹ́ tún un kà. Ó wá rí ojú ìyá rẹ̀ àgbà. “Grandma, you OK? Ṣé kí n po tíì fún yín?” Ó dá sinimá dúró, ó lọ sí kíṣìnnì. Ìdí nìyẹn tí òun náà ò fi gbọ́ èyí tó kù.

Ìyá yín àgbà kọjú sí mi. Ó ní, “Bàbá Bísí.”

Mo ní, “Mo ń gbọ́.”

“Ẹ̀yìn aṣọ ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo lẹ́tà yẹn ló yí padà. Ẹnu yín ni mo fi kà á.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé ẹ ò lè kà á ni?”

Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo lè sọ pé òyìnbó wọn le, ó sì mọ̀ pé ó le. Ẹnu mi ti là. Mo wá rí i pé ó ṣì ń wo lẹ́tà náà lójú tẹlifíṣọ̀n, ojú tì mí. Mo ní, “Mo kà á dáadáa, Àdùkẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà ni. Mi ò fẹ́ kó o lọ.”

Kò pariwo. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tó bá sọ sóun lọ́kàn pé òun ì bá wà lórí ìtàgé, lẹ́tà yẹn lòun fi ń tu ara òun nínú. Òun á ní, ó tán, ká ní mo lọ, màmá mi ì bá kú. Ó ní, “Ẹ ò bi mí rí. Bọ́tìnnì lẹ ń rà. Ẹ ì bá wí. Ẹ ì bá kàn la ẹnu yẹn, kẹ́ ẹ wí, kí n fi ọwọ́ ara mi mú èyí tó wù mí.”

Ó sunkún, èmi náà sunkún. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, orúnkún mi ò gbà. Mo dé ìdajì, mo há síbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jókòó padà. Ta ló máa gbé yín dìde?”

Mo jókòó. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ká ní mo bá wọn lọ, ṣé ẹ máa wá mi dé Ìbàdàn?”

Ìdáhùn tó dùn wà lẹ́nu mi. Mo ti gbọ́ ọ nínú sinimá lónírúurú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹyin lohùn, mo ti fọ́ ọ̀kan mọ́ ọn lórí rí. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Àdùkẹ́. Ojo ni mí nígbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kí n jókòó sílé, kí n sunkún, kí n sì fẹ́ ẹlòmíràn.”

Mo rò pé ó máa dìde. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, “Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí.” Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó di tèmi mú. Ó kígbe pe Tọ́pẹ́ pé kó gbàgbé tíì, kó wá tẹ sinimá náà, kóun lè rí ibi tí ọmọ náà dé.

A wò ó tán. Ọmọ náà dé Lọ́ńdọ̀nù lóòótọ́, ó dúró lórí ìtàgé, ó kọrin. Ìyá rẹ̀ wá, ó jókòó síwájú pátápátá, ó ń pàtẹ́wọ́. Ìyá yín àgbà bá ọmọ náà kọ ọ́ títí dé òpin, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Kò wojú mi, kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.